Irọ́ ni pé Eurail kan ṣoṣo ti tó láti fi rin gbogbo Yúróòpù

Wọ́n tún ti gbé e dé. Lọ́sẹ̀ yìí, ní Òkè-Ìlẹ̀wó l'Abẹ́òkúta níbí, ẹnì kan tó ń bá àwọn èèyàn ṣètò ìrìn àjò ń sọ fún tọkọtaya kan nípa Eurail, ìyẹn páàsì tí wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin káàkiri Yúróòpù, pé: "Ẹ ṣáà ti ra Eurail, Mà. Ó parí nìyẹn. Ọkọ̀ ojú irin tó bá wù yín lẹ máa wọ̀, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ mọ́." Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ WhatsApp gbogbo ìdílé tó lọ́mọ lókè òkun, owó gidi làwọn èèyàn sì ń pàdánù sí i. Kì í ṣe òótọ́, kò sì tíì fìgbà kan jẹ́ òótọ́.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Ẹni tó bá wọ rélùwéè ní Láderin lọ sí Ebute Metta, ẹ̀ẹ̀kan ló máa sanwó, nọ́ńbà ìjókòó rẹ̀ á sì ti wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. Fún ẹni tó ń lo páàsì ní Yúróòpù, owó ọkọ̀ lọ́tọ̀, owó ìjókòó lọ́tọ̀. Owó ọkọ̀ nìkan ni Eurail ń san fún yín. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n bá ti sọ pé dandan ni kéèyàn gba ìjókòó sílẹ̀, páàsì nìkan ò lè gbé yín wọlé.

Àwọn ọkọ̀ wo nìyẹn? Àwọn tí gbogbo èèyàn ń fẹ́ wọ̀ gan-an ni: Eurostar láàrin London, Paris, Brussels àti Amsterdam, TGV ní Faransé, Frecciarossa ní Ítálì, AVE ní Sípéènì, àtàwọn ọkọ̀ alẹ́ bíi Nightjet. Láti London sí Paris, owó ìjókòó Eurostar fún ẹni tó ní páàsì kì í dín ní €30 ní kíláàsì kejì. TGV tó ń rìn láàrin Faransé máa ń gba €10 sí €20. Frecciarossa náà kò dín ní €10. Ẹ wo ìdílé ẹni mẹ́rin, bàbá, ìyá àtọmọ méjì tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 4 sí 11. Lóòótọ́, ọ̀fẹ́ ni páàsì àwọn ọmọ náà tí wọ́n bá wà pẹ̀lú àgbàlagbà, àmọ́ ìjókòó wọn kì í ṣe ọ̀fẹ́. London sí Paris nìkan ti gba €120 lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn owó páàsì.

Èyí tó ń dun èèyàn jù ni pé ìjókòó tí Eurostar yà sọ́tọ̀ fáwọn tó ní páàsì níye. Tó bá ti tán, ó ti tán nìyẹn. Ọkọ̀ lè ṣì ní ìjókòó rẹpẹtẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì sọ fún yín pé kò sí ti páàsì mọ́, kẹ́ ẹ lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì lódindi. Àwọn iléeṣẹ́ kan tiẹ̀ wà tí kò gba Eurail rárá: Italo ní Ítálì, Ouigo ní Faransé. Ẹni tó bá lọ dúró sí ibùdókọ̀ Milan pẹ̀lú páàsì nìkan, tó sì rí Italo tó ń lọ sí Rome, kó má wulẹ̀ gbé ẹsẹ̀ sí i.

Wọ́n á ní, "Ṣebí a lè wọ ọkọ̀ tí kò gba owó ìjókòó?" Ẹ lè wọ̀ ọ́. Regionale ní Ítálì àti TER ní Faransé, àwọn ọkọ̀ agbègbè tí kì í sáré púpọ̀, kò béèrè. Ṣùgbọ́n Rome sí Florence tí Frecciarossa ń fi nǹkan bíi wákàtí kan àtààbọ̀ rìn, Regionale á fi wákàtí mẹ́ta lé rìn ín. Tí ọjọ́ márùn-ún péré bá wà lórí físà yín, kí ni ẹ wá ra?

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò owó páàsì fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2025, páàsì Global, èyí tó kárí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ọlọ́jọ́ 4 (ọjọ́ 4 tẹ́ ẹ lè fi wọ ọkọ̀ láàrin oṣù kan), fún àgbàlagbà ní kíláàsì kejì, lé díẹ̀ ní €280. Ẹ pín in sí mẹ́rin: ó ju €70 lọ fún ọjọ́ kan. Ìyẹn ni pé ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá lo páàsì, owó tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ì bá rà fún ọkọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ ju €70 lọ kẹ́ ẹ tó lè sọ pé ẹ jèrè. Ẹ wá mú Berlin sí Prague, Prague sí Vienna, Vienna sí Budapest. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn ní oṣù méjì sí mẹ́ta ṣáájú, kì í sábà san tó €40 lórí èyíkéyìí nínú wọn. Ká tiẹ̀ ní €40 ló san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, €120 ni gbogbo ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló sì fi rìn, nígbà tó jẹ́ pé páàsì Global tó kéré jù, ọlọ́jọ́ 4 ni. Ẹni tó bá ra páàsì fún ìrìn yìí ti ju €160 dànù, ọjọ́ kan páàsì sì tún ṣòfò.

Mo gbà pé tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú yẹn so mọ́ ọkọ̀ kan àti wákàtí kan, tẹ́ ẹ bá pẹ́, owó yín ti wọlẹ̀. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ tó máa rìn, tó fẹ́ máa káàkiri Jámánì, Ọ́síríà àti Swítsálándì, níbi tí wọn kì í ti í fi dandan mú ìjókòó nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, páàsì lè dára fún un, pàápàá tí kò bá tíì pé ọdún 28, torí páàsì ọ̀dọ́ kò wọ́n tó ti àgbà. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni wọ́n ń tà fáwọn èèyàn ní Abẹ́òkúta.

Àwọn míì á ní kéèyàn kó káàdì ẹ̀dínwó orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan jọ dípò páàsì. Àwọn yẹn náà ò ṣírò. BahnCard 25 ti Jámánì jẹ́ €62.90 lọ́dún ní kíláàsì kejì, ó sì ń yọ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ gbọ́dọ̀ ná ju €251 lọ lórí ọkọ̀ Jámánì kí owó káàdì tó padà. Ó tún máa ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun fúnra rẹ̀ tẹ́ ẹ ò bá fagi lé e ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú kó tó parí, èyí tí wọ́n ń pè ní Probe, ìyẹn káàdì onígbà díẹ̀ tí wọ́n fi ń dán an wò, náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Carte Avantage ti Faransé jẹ́ €49, ó ń yọ 30%: ó di kẹ́ ẹ ná ju €163 lọ. Railcard ti ọmọ ọdún 16 sí 25 ní Ìlú Ọba di £35 ní ọdún 2025, ó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta: lẹ́yìn £105 lèrè tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ló sábà máa ń jèrè irú káàdì bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àlejò ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí ó ń da ọ̀pọ̀ ìdílé láàmú. Eurail wà fún ẹni tí kì í gbé Yúróòpù. Interrail ni ti ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ibi téèyàn ń gbé ni wọ́n ń wò, kì í ṣe àwọ̀ pásípọ́ọ̀tù. Ìyá tó ti Abẹ́òkúta lọ á ra Eurail. Ọmọ rẹ̀ tó ń gbé Manchester á ra Interrail, kódà tó bá jẹ́ pé pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló ṣì ń lò. Interrail ọmọ náà kò sì ní ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba ju ẹ̀ẹ̀kan nígbà tó bá ń jáde lọ àti ẹ̀ẹ̀kan nígbà tó bá ń padà.

Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ìṣirò, páàsì lẹ ṣì fẹ́, inú áàpù Rail Planner ló máa wà. Ẹ fi orúkọ sí i bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù gẹ́lẹ́. Kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ wọ ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ ti fi ìrìn náà kún un, torí ẹni tí kò fi kún un, bí ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń ṣe é. Oṣù 11 ni wọ́n fún yín láti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá rà á, síbẹ̀ ẹ má ra páàsì kí físà tó jáde. Ẹ sì wo físà Schengen náà, èyí tí wọ́n fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù àmọ́ tí Ìlú Ọba ò sí lára wọn, dáadáa: tó bá jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, tẹ́ ẹ bá ti Paris wọ Eurostar lọ London, ẹ ò lè padà sí Paris, bí ọjọ́ tiẹ̀ ṣì kù lórí páàsì. Ìlú Ọba fúnra rẹ̀ ń béèrè físà tirẹ̀, ní Gare du Nord, ibùdókọ̀ Eurostar ní Paris, ni wọ́n sì ti ń yẹ ìwé wò, kí èèyàn tó dé ibi tí ọkọ̀ wà.