Kọ́ńtíráàtì Kì Í Hù Lórí Pápá Gọ́ọ̀fù

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di òtítọ́ lẹ́nu àwọn agbaṣẹ́ṣe wa ní Òṣogbo, pàápàá àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ ní sẹkitéríàtì Abẹ́ẹ̀rẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ ńlá gbà, kó lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàbù gọ́ọ̀fù. Wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn ọ̀gá ti ń pín kọ́ńtíráàtì, pé kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù dé ìdajì pápá, wọ́n ti pín in tán. Nítorí náà, iye yòówù tí kíláàbù bá ní kéèyàn mú wá, iṣẹ́ kan péré ló máa dá a padà.

Irọ́ ni. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn oníṣòwò kékeré ṣírò owó wọn, mo sì ti rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ń kó àwọn kan sí gbèsè. Àbúrò kan tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ bi mí láìpẹ́ yìí pé, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní mílíọ̀nù kan ni wọ́n fi ń wọlé. Ṣé kí n yá a ní kọpuréétífù?" Kíláàbù ọ̀hún ò tilẹ̀ sí ní Òṣogbo, Ìbàdàn ló wà. Àbúrò yìí ò sì tíì di ọ̀pá gọ́ọ̀fù mú rí láyé rẹ̀.

Ìgbàgbọ́ náà ò ṣàdédé hù o. Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, kíláàbù ni àwọn aláṣẹ àti àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń pàdé nírọ̀lẹ́. Ikoyi Club ní Èkó, tó gbé ọdún 1938 sínú orúkọ rẹ̀ títí dòní, àwọn òyìnbó ló wà fún níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń buwọ́ lu ìwé àti ẹni tó ń tajà fún ìjọba, ibì kan náà ni wọ́n jọ ń mutí. Nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà bọ́ sípò wọn, wọ́n jogún àga inú kíláàbù mọ́ ọn. Ẹni tó ń wo ọgbà yẹn láti ojú títì, ọkọ̀ bọ̀gìnnì ló ń rí, àwọn tó rọ́wọ́ mú ló ń rí, ó wá gbà pé inú ọgbà ni owó wà.

Owó ló gbé wọn débẹ̀. Ibẹ̀ kọ́ ló fún wọn lówó. Ọ̀gá báńkì tí ẹ rí níbẹ̀ ti di ọ̀gá kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá mú. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé àwọn ló ń bá àwọn ọ̀gá wọn san owó kíláàbù, ara ohun tó bá ipò náà wá ni. Ẹni tó bá rí àwọn alágbádá lóde ìnáwó, tó wá lọ yáwó dá agbádá kó lè di olówó, agbádá àti gbèsè ni yóò kù sí i lọ́wọ́. Ẹ tún wò ó: ẹni tó wọ kíláàbù tí kò rí iṣẹ́ kankan, ta ló máa ń gbọ́ ìtàn rẹ̀? Kò ní jókòó sídìí iyán àti ẹran ìgbẹ́ kó máa sọ pé òun san mílíọ̀nù kan, òun ò rí nǹkan kan. Ti ẹni tó rí iṣẹ́ nìkan ló ń rìn kiri ìlú.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú pápá fúnra rẹ̀. Ihò 18, tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré sí lọ́kọ̀ọ̀kan, ni odindi eré kan, ó sì máa ń tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin kí èèyàn mẹ́rin tó jọ gbá a tán. Wákàtí mẹ́rin pẹ̀lú ọ̀gá, láìsí akọ̀wé tí yóò ní kí ẹ padà wá lọ́la! Ohun tó ń wọ àwọn èèyàn lójú nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ibo ló ti fẹ́ ráyè sọ̀rọ̀? Bọ́ọ̀lù ọ̀gá lọ tààrà sí àárín pápá, tiyín yà bàrá sínú igbó. Ọ̀gá àti kádì rẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń bá a gbé àpò ọ̀pá, ti ń rìn lọ níwájú, ẹ̀yin àti kádì tiyín ń fi ọ̀pá tú koríko. Láti ọdún 2019, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni òfin gọ́ọ̀fù fi sílẹ̀ fún wíwá bọ́ọ̀lù. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù ti sọnù nìyẹn: wọ́n á fi ayò kan kún tiyín (iye ìgbà tí èèyàn gbá bọ́ọ̀lù ni ayò, ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló borí), ẹ ó sì padà sẹ́yìn lọ gbá òmíràn láti ibi tí ẹ ti gbá ti àkọ́kọ́. Àwọn tó tẹ̀ lé yín ti dúró, wọ́n ń wo aago. Tí ẹ bá wá jọ dé ìdí ihò, kẹ́kẹ́ pa ni, torí ìwà àìmọ̀wàáhù ni kéèyàn máa sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹlòmíràn bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Ṣé ibẹ̀ lẹ ti fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ kànga sí i?

Wọ́n lè sọ fún yín pé hándíkáàpù ti yanjú ìyẹn. Hándíkáàpù ni òǹkà tó ń sọ bí ọwọ́ èèyàn ṣe mọ́ eré náà tó. Ètò àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2020 gbà kó lọ títí dé 54 fún ẹni tó ṣì ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ká ní tiyín jẹ́ 30, ti ọ̀gá sì jẹ́ 12, ọ̀gá á fi ayò 18 sílẹ̀ fún yín kí ìdíje lè dọ́gba. Lóòótọ́ ni, ó sì jẹ́ ohun tó dára nínú eré náà, pé ọ̀gbẹ̀rì àti àgbà ọ̀jẹ̀ lè jọ gbá a kó sì dùn. Ṣùgbọ́n òǹkà kò lè sọ ẹni tí ọ̀gá yóò yàn láti bá rìn ní àárọ̀ Sátidé. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti ní àwọn tí wọ́n jọ ń gbá a láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tuntun, àwọn ẹni tuntun bíi tirẹ̀ ló sábà máa ń bá kẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn mìíràn tó wá wá kọ́ńtíráàtì.

Ohun kan sì wà tí àwọn tó ń polówó kíláàbù kì í rántí sọ. Kò sí rẹfirí tó ń tẹ̀ lé yín lẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ń gbá ti yín lásán. Oníkálukú ló ń ka ayò tirẹ̀. Ẹni tó gbá a lẹ́ẹ̀méje tó ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni, ẹni tó dọ́gbọ́n fi ẹsẹ̀ ti bọ́ọ̀lù kúrò nídìí igi, wọ́n á rí i. Wọn ò ní bá a jà, wọn ò tilẹ̀ ní sọ̀rọ̀. Kádì pàápàá á rí i, kádì a sì máa ròyìn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé owó iṣẹ́ lé èèyàn lọ́wọ́, tó wá rí i tó ń fi ayò méjì péré pamọ́, ẹ rò ó wò. Lójú tèmi, iṣẹ́ tó ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn lórí pápá lè pọ̀ ju èyí tí wọ́n rí gbà níbẹ̀ lọ.

N ò sọ pé mímọ èèyàn ò lérè. Ó lérè. Ẹni tó fẹ́ràn eré náà, tó ń lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n mọ ìwà rẹ̀, wọ́n lè dárúkọ rẹ̀ níbi tí kò sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi káàdì ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lé gbogbo èèyàn lọ́wọ́ nídìí báà, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń sá fún un. Bí wọ́n bá tiẹ̀ dárúkọ yín, ìwé ló kù. Láti ìgbà tí òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ríra ọjà àti gbígbé iṣẹ́ fáwọn agbaṣẹ́ṣe ti jáde ní ọdún 2007, lára ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ láti CAC, ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta, ìwé PenCom (àjọ owó ìfẹ̀yìntì), ti ITF (àjọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́), ti NSITF (àjọ ìbánigbófò òṣìṣẹ́), àti ìṣirò owó tí olùyẹ̀wò ti buwọ́ lù. Mo mọ̀ pé màgòmágó wà níbẹ̀. Kì í ṣe òpè ni mí. Àmọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ pàápàá gbọ́dọ̀ kó ìwé kalẹ̀. Mo béèrè ẹ̀rí owó orí lọ́wọ́ àbúrò oníkànga yìí, ọdún kan ṣoṣo ló ní. Owó tó fẹ́ lọ yá yẹn á tún gbogbo ìwé rẹ̀ ṣe, á sì ṣẹ́ kù.

Ká wá ṣírò. Iye tí mo fẹ́ lò yìí, àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe ti kíláàbù kan pàtó. Ká ní owó ìwọlé jẹ́ ₦1,000,000, owó ọdọọdún jẹ́ ₦300,000, àlejò tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ sì ń san ₦15,000 ní ìgbàkígbà tó bá wá gbá bọ́ọ̀lù. Owó kádì, owó bọ́ọ̀lù àti epo ọkọ̀, àlejò ń san án, ọmọ ẹgbẹ́ náà ń san án, ẹ jẹ́ ká gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí ẹ bá pín owó ìwọlé sí ọdún márùn-ún, ₦200,000 lọ́dún nìyẹn. Ẹ rò ó mọ́ owó ọdọọdún, ó di ₦500,000. Ẹ fi ₦15,000 pín in, ó lé díẹ̀ ní 33. Èyí já sí pé ìgbà 34 lẹ gbọ́dọ̀ gbá a lọ́dún kó tó sàn fún yín ju kí ẹ máa wá bí àlejò lọ.

A ò tíì parí rẹ̀. Mílíọ̀nù kan yẹn ìbá máa bímọ níbòmíràn. Ká ní ẹ fi ra treasury bill, ìyẹn ìwé owó tí ìjọba ń yá lọ́wọ́ ará ìlú, tó ń mú ìdá 15 nínú 100 wá lọ́dún, ₦150,000 ló ti bọ́ lọ́wọ́ yín lọ́dún àkọ́kọ́ nìkan. Ẹ fi kún un, ó di ₦650,000, iye ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ gbá a sì di 44. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ yá owó náà ni, ẹ fi èlé kọpuréétífù rọ́pò rẹ̀.

Ìgbà 44 láàárín ọ̀sẹ̀ 52, láti Òṣogbo, gba Gbọ̀ngán, gba Ìkirè, wọ Ìbàdàn, kí ẹ tún gba ọ̀nà kan náà padà! Tó bá jẹ́ Sátidé lẹ fẹ́ fi ṣe é, ẹ fọkàn ka ìsìnkú, ìgbéyàwó àti ìṣílé tó ń bọ̀ lọ́nà. Ìyàwó ilé ò ní gbà. Àwọn àna yín ò ní gbà.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé dúkìá ni jíjẹ́ ọmọ kíláàbù, bíi ká ra ilẹ̀. Ilẹ̀ kẹ̀? Ní ọ̀pọ̀ kíláàbù, owó ìwọlé kì í padà wá mọ́, ẹ ò lè tà á fún ẹlòmíràn, ẹ ò sì lè fi ṣe ìdúró ní báńkì. Ẹ dáwọ́ owó ọdọọdún dúró, orúkọ yín a kúrò lára pátákó. Lẹ́fì tún wà: òrùlé gbọ̀ngàn ń jò, ẹ̀rọ omi bàjẹ́, ìdíje ọdọọdún ń bọ̀, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú nǹkan wá. Àwọn kíláàbù kan ní iye tó kéré jù tí ẹ gbọ́dọ̀ ná nídìí báà, yálà ẹ mutí tàbí ẹ ò mu. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í sí lára iye tí wọ́n kọ́kọ́ ń dárúkọ fún èèyàn.

Ta ló wá yẹ kó san án? Ẹ jẹ́ ká sọ pé bàbá kan ti fẹ̀yìntì, ilé rẹ̀ ò jìnnà sí pápá, orúnkún rẹ̀ ṣì le, ó sì ń gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ìyẹn á tó ìgbà 150 lọ́dún. ₦500,000 yẹn, tí a bá pín in, kò tó ₦3,500 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àlejò ń san ₦15,000. Òun jèrè gan-an. Bí odò ìlúwẹ̀ẹ́ bá wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ-ọmọ ń lò ó, èrè ti gorí èrè. Bàbá yìí ò wá iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, ìrìn àti ẹgbẹ́ ló ń wá, ó sì ń rí i.

Ẹni tó wà ní Òṣogbo tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá eré náà wu òun ò ní láti dé Ìbàdàn rárá. Pápá gọ́ọ̀fù wà ní ilé ìtura MicCom tí Ọmọọba Túndé Pọ́nnlé dá sílẹ̀ ní Àdá, ìjọba ìbílẹ̀ Bórípé, nítòsí wa níbí. Kí ojú má sì ti ẹnikẹ́ni láti jẹ́ àlejò. Pápá tó lókìkí jù lọ láyé, Old Course ní St Andrews ní orílẹ̀-èdè Scotland, ti gbogbo ìlú ni. Kíláàbù kankan ò ni ín. Àlejò lè forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n ṣẹ́ kèké, bó bá mú un, kó sanwó, kó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ní ọjọ́ Sunday, wọ́n máa ń tì í fún eré, àwọn ará ìlú á sì máa gba orí rẹ̀ nasẹ̀ pẹ̀lú ajá wọn. Ilẹ̀ Scotland yìí kan náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti fòfin de gọ́ọ̀fù ní ọdún 1457, torí àwọn èèyàn ń tìtorí rẹ̀ pa ìdánrawò ọfà tì. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe eré àwọn tó ń wá kọ́ńtíráàtì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ohun tí mo sọ fún àbúrò náà nìyí: kó fi ọdún kan gbá a bí àlejò. Òfin ní ọ̀pá tí èèyàn lè gbé sínú àpò ò gbọdọ̀ ju 14 lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ ọ lè fi méje tí kì í ṣe tuntun ṣe é. Kó lọ nínú òjò oṣù keje, kó lọ nínú ọyẹ́, kó sì máa kọ ọjọ́ tó bá lọ sílẹ̀ sínú ìwé. Bí iye rẹ̀ bá tó 34 láìsí pé ẹnikẹ́ni tì í lẹ́yìn, a ó jọ ka òfin kíláàbù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, a ó sì ní kí akọ̀wé wọn fi gbogbo lẹ́fì tí wọ́n gbà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn hàn wá, kí kọ́bọ̀ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.