Òfin Jọ́ọ̀gì Kọfí

Àbúrò, wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ ní ọ́fíìsì Amẹ́ríkà, a dúpẹ́. Ìwé tí wọ́n fún ọ sọ iye owó, ó sọ iye ọjọ́ ìsinmi, àmọ́ kò sọ òfin tó le jù níbẹ̀: ẹni tó bá bu kọfí tó kẹ́yìn nínú jọ́ọ̀gì ni yóò se òmíràn. Má sọ fún wọn pé Milo lo mọ̀. Má sì dọ́gbọ́n fi ẹ̀kán méjì sílẹ̀ ní ìdí jọ́ọ̀gì. Àwọn ló dá ọgbọ́n yẹn sílẹ̀.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń se kọfí yẹn kò ní pọ́ńpù, bó ṣe ń ti omi gòkè tó yẹn. Omi tí o bù sí táńkì ẹ̀yìn rẹ̀ ń gba ihò ìsàlẹ̀ bọ́ sínú páìpù alumíníọ̀mù kan tí wọ́n tẹ̀ bíi lẹ́tà U, lábẹ́ àwo irin tí jọ́ọ̀gì ń jókòó lé. Wáyà tó ń gbóná lẹ̀ mọ́ páìpù náà tímọ́tímọ́. Tí o bá tan iná, omi inú páìpù á hó, á sì fẹ́ sá padà sí táńkì. Àmọ́ fáàfù kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń gba wíwọlé, tí kì í gba jíjáde. Omi wá dà bí ẹni tí físà rẹ̀ ti tán ní Amẹ́ríkà: ilé kò ṣeé padà sí, iwájú ni kó máa forí lé. Ìhó á máa tì í díẹ̀díẹ̀ gòkè nínú rọ́bà, títí yóò fi máa kán sórí kọfí. Ìwọ̀n Celsius 92 sí 96 ló dára kí omi náà wà nígbà yẹn. Àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kì í sábà dé ibẹ̀.

Tí o bá gbọ́ tó ń ṣe kùrù-kùrù, fùù, má sá jáde, má sì pe panápaná. Omi ló tán, ooru ló ń lé ìyókù jáde. Wáyà kan náà yẹn ló tún ń mú kí àwo ìsàlẹ̀ gbóná: iṣẹ́ méjì, owó ẹyọ kan, ìyẹn á tètè yé ọ nílùú yìí. Nǹkan kékeré kan ń pa á nígbà tó bá gbóná jù, á tún tan án nígbà tó bá tutù. Bí ìyẹn bá bàjẹ́, fíúsì á jó, ẹ̀rọ á kú pátápátá. Jọ̀ọ́, má fi wáyà so ó pọ̀ bí a ṣe ń ṣe nílé. Fíúsì yẹn ni kò jẹ́ kí ọ́fíìsì jóná.

Ó ku bí o ṣe máa wọ̀n ọ́n. Ife 12 tí wọ́n kọ sára jọ́ọ̀gì kì í ṣe ife tí o mọ̀. Ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí mílílítà 150, ife tí òyìnbó fi ń mu kọfí sì lè gba ìlọ́po méjì. Bu omi tútù dé àmì 6, kọfí lílọ̀ gíráàmù 50, ìyẹn ṣíbí ìjẹun mẹ́wàá tó tẹ́jú. Mo mọ̀ pé ó máa dùn ọ́. Tí o bá fi mẹ́ta sí i, omi aláwọ̀ ilẹ̀ ni wọn yóò mu, wọn yóò sì máa rẹ́rìn-ín sí ọ, èyí tó burú ju èébú lọ. Ohun tó jáde kò ní tó ohun tí o bù sí i, torí kọfí ń fa omi tó tó ìlọ́po méjì ìwúwo ara rẹ̀. Má wá olè.

Asẹ́ oníbébà (Melitta Bentz ará Dresden ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1908) ni kí o ṣẹ́ etí rẹ̀ kó má dojú bolẹ̀. Kọfí tó bá kúnná jù á dí i. Ideri jọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ wà, torí òun ló ń ti ìdè abẹ́ asẹ́ ṣí; bí kò bá sí, gbogbo rẹ̀ á kún dà sórí tábìlì níṣojú ọ̀gá. Wàrà inú agolo kò gbọdọ̀ dé táńkì: á jóná nínú páìpù, kò sì sí ọwọ́ tó lè dé ibẹ̀ fọ̀ ọ́. Ẹ̀bà ńkọ́? Omi rẹ̀ kò hó tó. Kókó ni yóò ṣe.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30 lórí àwo gbígbóná, kọfí á korò. Dà á sínú fláàsì tí ìyá ẹ dì sínú báàgì fún ọ.

Bí ó bá ń pẹ́ kó tó jáde, tí ooru pọ̀ ju omi lọ, èépá funfun láti inú omi ìlú ló ti dí páìpù. Da fínígà funfun àti omi pọ̀ ní ọgbọọgba, tan án, pa á ní ìdajì, dúró fún ìṣẹ́jú 30, kí o tún tan án, kí o wá fi omi lásán ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Bí omi bá ń hó padà sínú táńkì tí nǹkan kan kò jáde lókè, fáàfù ló há. Ìdọ̀tí lè ti wọ̀ ọ́. Àmọ́ ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí gbogbo wọn bá ti lọ, ni kí o ṣe gbogbo ìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá rí tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan, òun ni yóò máa ṣe é títí yóò fi gba ìwé ìfẹ̀yìntì.