Afẹ́fẹ́ ló ń ba àwòrán jẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ibi tẹ́ ẹ ti kọ ọ́ nínú àpilẹ̀kọ yín lórí yíya àwòrán plánẹ́ẹ̀tì pé bí awò awọ̀nàjíjìn bá ṣe ń sọ nǹkan di ńlá tó ni àwòrán á ṣe mọ́ tó, kò rí bẹ́ẹ̀. Fífẹ̀ ojú awò ló ń mú un mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ya Júpítérì l'Ákùrẹ́, kó gbé awò síta ní wákàtí kan ṣáájú kí ara rẹ̀ lè tutù. Kó má dojú rẹ̀ kọ òkè òrùlé páànù o! Ooru ọ̀sán tó ń jáde lára páànù á mú kí Júpítérì máa gbọ̀n bí òkúta ìsàlẹ̀ omi tó ń ṣàn. Àpáta Ìdànrè tẹ́ ẹ dábàá pé ká ti ya á náà, ooru kì í tètè kúrò lára rẹ̀.

Nítorí ìgbọ̀n yìí, fídíò ni kẹ́ ẹ ká, ìṣẹ́jú méjì péré: Júpítérì ò lò tó wákàtí 10 láti yí ara rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan, bó bá pẹ́ jù, àmì ara rẹ̀ á fà. Nínú fírémù 10,000, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan inú fídíò, ẹ jẹ́ kí AutoStakkert, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, ṣa 1,000 tó mọ́ jù, kó tò wọ́n léra. Ọ̀fẹ́ ni.

Ti àwòrán àwọn plánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìràwọ̀ HR 8799 po, tí wọ́n gbé jáde ní 2008, ìyẹn kúrò ní iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Dígí Keck, ọ̀kan nínú àwọn awò tí wọ́n fi yà á, nìkan fẹ̀ tó mítà 10.