Eṣinṣin Orí Kórópọ̀n

Àwọn àgbà ní eṣinṣin tó bà lé ni ní kórópọ̀n, ẹ̀sọ̀ la fi ń lé e. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rín in. Àmọ́ ẹ gbọ́ òwe náà dáadáa: kò ní ká fi eṣinṣin sílẹ̀ o. Eṣinṣin ń kó àrùn. Ibi tó bà lé ló ń kọ àgbà lóminú, nítorí ẹni tó bá fi ibínú la kùmọ̀ mọ́ ọn, ara rẹ̀ ló là á mọ́.

Irọ́ orí ẹ̀rọ ayélujára ni mo ń bá bọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola wọ Nàìjíríà, fóònù dún nílé wa ní Pàkátà, n'Ílọrin, kí ládàánì tó pe ìrun àsùbáà. Ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ni: ká gbé omi kaná, ká da iyọ̀ sí i, ká fi wẹ̀, ká sì mu díẹ̀ níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àrùn náà má bàa ràn wá. Ta ló sọ fún wọn? Ẹnì kan láti Ọ̀fà. Ta ló sọ fún ti Ọ̀fà? Ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó. Èmi náà wẹ̀ ẹ́, n kò ní purọ́. Nígbà tó yá la gbọ́ nínú ìròyìn pé omi iyọ̀ yẹn pa àwọn kan níbòmíràn. Ẹni tó bá ní irọ́ kì í pa èèyàn, kó má sọ ọ́ létí mi.

Ṣùgbọ́n pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Lọ́dún 1984, ìjọba ológun gbé Òfin Kẹrin jáde: ẹni tó bá kọ ohun tó fi òṣìṣẹ́ ìjọba ṣẹ̀sín, ẹ̀wọ̀n ni, òótọ́ ìbáà ṣe. Tunde Thompson àti Nduka Irabor, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn The Guardian, fi ẹ̀wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan jura. Tunde Idiagbon, igbákejì olórí ìjọba náà, ọmọ Ìlọrin ni, a kò sì ní torí òfin kan pa oore rẹ̀ rẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1985, àwọn ológun mìíràn gbàjọba lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ti òun àti Buhari, olórí ìjọba náà, mọ́lé.

Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015 tún dé. Abala 24 rẹ̀ fi ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 3 lọ tàbí ìtanràn tí kò ju mílíọ̀nù 7 náírà lọ, tàbí méjèèjì, de ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ ránṣẹ́ láti bú èèyàn, tàbí láti bí i nínú. Láti bí i nínú! Ní Ìlọrin tiwa, níbi tí onídadakúàdà ti ń fi orin ta ọlọ́lá lẹ́nu, kó tó yíjú padà wá kí i? Kóòtù ECOWAS ní abala náà tẹ ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lójú. Lọ́dún 2024, wọ́n tún un ṣe, ó wá di irọ́ tó lè da ìlú rú tàbí tó lè fi ẹ̀mí wewu. Ìyẹn sàn. Síbẹ̀, "dída ìlú rú" rọ̀ bí àmàlà. Ẹni tó bá bù ú ló ń mọ ọ́n bó ṣe wù ú. Ti Twitter tí wọ́n tì pa fún oṣù 7, láti oṣù Kẹfà ọdún 2021, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Kùmọ̀ tí mo wí nìyẹn.

Ohun tí èmi ń wí ni pé kí olùpẹ̀jọ́ fi hàn ní kóòtù pé ẹni náà mọ̀ pé irọ́ ni, kó sì fi ẹni tí irọ́ náà ṣe léṣe hàn. Bó bá jẹ́ pé ojú ló ti ọlọ́lá, kó gba lọ́yà bíi ti gbogbo wa, kó má rán ọlọ́pàá sí ọmọ ọlọ́mọ. Kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ẹnikẹ́ni ló mú wa da omi iyọ̀ nù. Ilé iṣẹ́ ètò ìlera ló sọ pé irọ́ ni, tí rédíò ń tún un sọ ní èdè tí ìyá wa gbọ́.

Ṣé ìyá àgbà wa wá di ọ̀daràn ni? Wọn kò kúkú mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún fi ewé kan tó ń wo ìtọ̀ ṣúgà ránṣẹ́ sí mi. Mo pè wọ́n. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ ọ́ fún yín?"

Wọ́n ní ẹnì kan láti Ọ̀fà.