Ẹ dín ọmọ kíláàsì kù, ìwé á wọ̀ wọ́n lórí? Kò rí bẹ́ẹ̀ o

Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́, òbí ń sọ ọ́, olóṣèlú ń sọ ọ́, pé ká ṣáà ti dín iye ọmọ inú kíláàsì kù, ó parí. Mo mọ ibi tọ́rọ̀ yẹn ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní Tennessee, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1985, wọ́n ṣẹ́ kèké pín àwọn ọmọ, àwọn kan bọ́ sí kíláàsì ọmọ 13 sí 17, àwọn kan bọ́ sí ti 22 sí 25, àwọn tí wọn ò pọ̀ lójú kan yẹn ló sì mọ̀wé jù. Òótọ́ ni. Àmọ́ ilé ìwé 79 péré ni, tíṣà tí wọ́n wá kún un ò tó nǹkan.

California, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà mìíràn, wá gbé e lọ́dún 1996, jákèjádò ìpínlẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan náà, láti nǹkan bí ọmọ 30 sí 20. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀: ọmọ 60, tíṣà méjì ni tẹ́lẹ̀, ní báyìí ó di mẹ́ta. Níbo ni ẹnì kẹta ti fẹ́ wá? Tíṣà kì í hù lóru ọjọ́ kan, ọdún ló ń gbà. Làwọn ilé ìwé olówó bá ṣí àyè sílẹ̀, tíṣà tó ti ń fara da ilé ìwé tálákà tipẹ́ bá kó ẹrù ẹ̀ lọ síbẹ̀, ẹni tí wọ́n wá fi dí àyè ẹ̀ ò tíì gbàwé ẹ̀rí. Nínú tíṣà 100 tó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré, àwọn tí ìwé ẹ̀rí wọn ò pé ò tó 2 tẹ́lẹ̀, kò ju ọdún bíi méjì lọ tó fi lé ní 12. Àwọn ilé ìwé kan tiẹ̀ sọ láíbírì àti yàrá orin di kíláàsì. Ó dùn mí gan-an, torí ọmọ tálákà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ràn lọ́wọ́ gan-an ni tíṣà gidi bọ́ mọ́ lọ́wọ́.

Nǹkan tí wọ́n ń pè ní system dynamics, tí Jay Forrester bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1950, irú ẹ̀ gan-an ló wà fún. Wàá ya tíṣà bí omi inú àgbá: ibi tó ń gbà wọlé, ibi tó ń gbà jáde, ìgbà tó ń pẹ́ kó tó kún, àti páìpù tó so àgbá kan mọ́ èkejì. Ẹni tó bá ti ya páìpù yẹn sórí ìwé máa rí i lójú ẹsẹ̀ pé tí a bá fa omi níhìn-ín, ọ̀hún ló máa gbẹ. Kò dìgbà tí àwòrán náà bá sọ nọ́ńbà gan-an fún wa. Ká ní àwọn ilé ìwé tálákà ni wọ́n kọ́kọ́ fún láyè gba tíṣà, káwọn tó kù dúró di ìgbà tí àwọn tíṣà tuntun bá jáde, páìpù yẹn ì bá má ríbi fa omi lọ.