Kì í ṣe omi tútù ló ń fa òtútù àyà

Ooru oṣù kẹta ní Àbújá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Mo kó àwọn ọmọ lọ síbi kan láàárín ìlú tí omi ti ń tú sókè láti inú ihò wẹ́wẹ́ ilẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Àbíkẹ́yìn mi fi àtẹ́lẹsẹ̀ dí ihò kan, omi fọ́n sí i lójú, ó bú sẹ́rìn-ín. Ni ìyá àgbà kan tí wọ́n ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi bá ké pè mí: "Ìyàwó, yọ ọmọ yẹn kúrò nínú omi kí òtútù má wọ̀ ọ́ láyà o!" Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé mà. Ta ló máa bá àgbà jiyàn níta?

Orúkọ àìsàn náà ló ń tàn wá jẹ. Kòkòrò ló ń fa òtútù àyà. Pneumococcus wà lára àwọn tó burú jù nínú wọn, ikọ́ àti sísín ẹni tó gbé e sára ló sì fi ń ràn. Láti òpin 2014 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti ń wọlé sórílẹ̀-èdè yìí: bí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ni wọ́n ń gún un. Tó bá jẹ́ omi tútù ni, kí ni abẹ́rẹ́ fẹ́ dí lọ́wọ́? Ọ̀fìnkìn náà, kòkòrò ni. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sín lálẹ́ ọjọ́ yẹn ti kó o ní kíláàsì kó tó débi omi. Ibà ńkọ́? Ẹ bi ẹ̀fọn.

Lóòótọ́, bí ètè ọmọ bá ti ń gbọ̀n, ẹ nù ún gbẹ. Nígbà ọyẹ́, mi ò tiẹ̀ ní gbé e lọ.

Ẹnu ọmọ ni èmi ń ṣọ́. Níbi púpọ̀, omi tó dà sílẹ̀ ń padà sínú táǹkì, wọ́n á tún fi ẹ̀rọ fà á sókè, pẹ̀lú ohun tó ṣàn kúrò ní ìdí àwọn ọmọ. Pampers kì í dá a dúró. Kẹ́míkà chlorine ń pa kòkòrò púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń pè ní Cryptosporidium lè wà láàyè nínú rẹ̀ ju ọjọ́ 7 lọ, ìgbẹ́ gbuuru ló sì ń fà. Ọmọ tí inú rẹ̀ ń ṣí, ilé ni kó jókòó sí.

Kí n tó dìde lórí ìkúnlẹ̀, ọmọkùnrin kékeré kan ti la ẹnu sórí ihò omi, ó ń gbé e mì gbọ̀ngbọ̀n. Ìyá àgbà wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, jàre."