Bí àlejò bá lọ, ṣé iṣẹ́ á délẹ̀ fún wa?

Níbi tí mo ti máa ń gẹrun ní Arákàlẹ̀, l'Ákùúrẹ́ níbí, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán: "Àwọn àjèjì ló gba iṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Kí ìjọba lé wọn lọ, ẹ máa rí i bí iṣẹ́ á ṣe pọ̀." Bọ̀ọ̀dá kan tún sọ ọ́ lánàá, gbogbo àwọn tó jókòó sì ń mi orí. Ó dùn mí, torí pé a ti dán an wò rí.

Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò níwèé àṣẹ kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ará Gánà nìkan tó bíi mílíọ̀nù kan. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù là ń pè ní Ghana Must Go títí dòní.

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, tíṣà pọ̀ nínú wọn. Ìjọba Adékúnlé Ajásin, tó dé ní 1979, sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́. Ọmọ ya wọ ilé ẹ̀kọ́ bí omi, tíṣà ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ò sì tó. Màmá mi wà ní kíláàsì kẹta nígbà náà. Ará Gánà kan ló ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì há etí. Lẹ́yìn oṣù Kìíní yẹn, ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn ní ìṣirò mọ́ títí sáà fi parí. Ìwé màmá mi ṣì wà nínú àpótí ìyá àgbà: ó kọ ìṣirò dé ìdajì ojú ewé kan, gbogbo èyí tó kù funfun báláú. Kò sọ́mọ Nàìjíríà tó wá gba iṣẹ́ náà. Àìsí wọn ló kúkú mú ará Gánà wá.

Owó epo rọ̀bì tó já wálẹ̀ ló fa ọ̀dá owó ìgbà yẹn. Àwọn ológun gbàjọba ní ìparí ọdún náà, nígbà tó sì di 1984, wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ ìjọba dúró lọ́pọ̀ yanturu. Ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n dá dúró o! Síbẹ̀, wọ́n tún lé àjèjì ní 1985.

Gánà náà ti ṣe é fún wa ṣáájú. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì ní ọ̀sẹ̀ méjì, Yorùbá tó ti ń ṣòwò ní Kùmásí látọdún pípẹ́ sì di ẹrù wálé. Ọrọ̀ ajé Gánà ò tìtorí ẹ̀ gbé pẹ́ẹ́lí.

A rò pé iṣẹ́ dà bí àkàrà inú àwo, pé bí ẹnì kan bá mú méjì, méjì ti dín nìyẹn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ a máa jẹun, a máa sanwó ilé, a máa wọkọ̀, owó rẹ̀ sì ń di iṣẹ́ fún ẹlòmíì.

Mi ò ní àlejò kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Bí ẹni tí kò níwèé bá ń gba owó pọ́ọ́kú nítorí pé kò lè fẹjọ́ sùn, owó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè já. Ọ̀gá tó ń rẹ́ ẹ jẹ ló yẹ ká dì mú. Ọ̀rọ̀ ajínigbé sì yàtọ̀: ẹni tó gbé ìbọn wọgbó kọ́ ló gbé àdá lọ sóko.

Àbúrò bàbá mi ní oko kòkó lọ́nà Ìdànrè. Àwọn Ìgbìrà ló ń bá a ro ó. Ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa ni wọ́n, àmọ́ àlejò náà là ń pè wọ́n. Lọ́dún kan, àwọn ọ̀dọ́ abúlé dẹ́rù bà wọ́n, wọ́n sì lọ láàárín ìkórè. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà tó wá gbé àdá. Kòkó pọ́n, ó dúdú mọ́ igi. Èyí tí wọ́n ti fọ́, tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò, kò sẹ́ni tó kó o síta sá, ó sì bu. Awakọ̀ tó máa ń gbé e wá sí Àkúrẹ́ ò rí ẹrù gbé. Ìyá tó ń ta fùfú fún àwọn lébìrà náà, ọmọ abúlé yẹn gan-an ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó dojú ìkòkò rẹ̀ délẹ̀, ó ti ìsọ̀.